Orin Japan Bọ̀dá Rasheed

Ohùn obìnrin tó kọ orin náà máa ń wúwo bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, á wá máa fa ọ̀rọ̀ gùn-ùn-ùn. Ní Mọ́kọ́lá ni, n'Íbàdàn, nínú yàrá tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Rasheed, jọ ń gbé. Japan tí wọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́ títún rédíò ṣe ni wọ́n ti ra kásẹ́ẹ̀tì orin náà, nígbà tí olórin yẹn ò tíì lókìkí. Lónìí, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ Sátidé, Fatimoh ìyàwó wọn pè mí ní Toronto níbí. Bọ̀dá ti ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ti dà sí wọn lọ́pọlọ, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ṣùgbọ́n wọn ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, wọ́n ń lu àwọn nọ́ọ̀sì.

"Akọ̀wé mi," orúkọ tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé ọkọ nìyẹn, "orin Japan yẹn ni wọ́n ń fi imú kọ ṣáá. Ẹ bá mi wá a, bóyá ara wọn á balẹ̀. Dókítà ti ń bínú."

Mo fi imú kọ ọ́ sí fóònù Oyíndà, ọmọ mi. Fóònù ò mọ̀ ọ́n.

"Daddy, no match. Ṣé orin ni àbí ẹkún?"

"Wá a, jọ̀ọ́!"

Ó wá àwọn orin tí obìnrin náà kọ́kọ́ kọ, ó ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fẹ́ jọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ń sáré, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín.

"Kì í ṣe òun. Tiwa falẹ̀."

Fatimoh tún pè. "Wọ́n ti ń so wọ́n mọ́ bẹ́ẹ̀dì o!" Mo ń gbọ́ igbe Bọ̀dá lẹ́yìn wọn.

Ìgbà yẹn ni mo rántí bátìrì. Iná kì í sí láyé ìgbà náà. Bí bátìrì bá ti kú, a ó sá a sóòrùn, a ó tún kì í bọ inú rédíò, kásẹ́ẹ̀tì á wá máa wọ́ bí ìgbín. A ò gbọ́ orin yẹn bó ṣe yẹ rí!

"Oyíndà, dá ọ̀kan tó ń sáré yẹn padà. Jẹ́ kó falẹ̀. Falẹ̀ sí i."

Ohùn náà wálẹ̀, ó wúwo. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Daddy, this sounds terrible."

"Òun gan-an nìyẹn. Bá mi fi ránṣẹ́, kí n kọ̀wé tẹ̀ lé e."

Mo kọ ọ́ báyìí:

"Ìyàwó wa, ẹ má rò pé orin yìí ti bàjẹ́, bó ṣe máa ń rí fún wa nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n tú ọwọ́ wọn ná. Ẹ gbé fóònù sí wọn létí, bí wọ́n bá dì í mú, ẹ má gbà á. Tí wọ́n bá ti ń bá a kọ ọ́, kí dókítà máa gbé wọn lọ fún iṣẹ́ abẹ."