Kéèjì Àlòkù Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà

"Ta ló jẹ okùn ṣòkòtò mi?"

Ohùn Káfíńtà ló gba inú balùwẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀. Aránṣọ, ìyàwó rẹ̀, kò gbé ojú kúrò lórí aṣọ tó ń rán. Ó mọ ẹni tó jẹ okùn náà, ọkọ rẹ̀ pàápàá sì mọ̀ ọ́n. Ehoro mẹ́fà ló ń gbé inú balùwẹ̀ wọn láti ìgbà tí ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ti ríṣẹ́ sí ìlú òkèèrè, tó sì kó àwọn ohun ọ̀sìn rẹ̀ ti ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wẹ̀ nílé náà, ojú méjìlá ni yóò máa wò ó.

"Ẹ bi àwọn àlejò yín," ni Aránṣọ dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ ná."

Káfíńtà jáde, ó fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú níbàdí, ó fi èkejì na okùn tí kò gùn ju ìka lọ mọ́ sókè. "Àgbàlagbà bíi tèmi! Mo ń nu ọṣẹ kúrò lójú, ọ̀kan nínú wọn jókòó, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo wá kí i nílé."

"Ilé tí ẹ ní ẹ máa kàn fún wọn ńkọ́?"

"Tí mo bá ti parí iṣẹ́ àwọn onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn. Kò ní pẹ́."

Aránṣọ tún tẹjú mọ́ aṣọ rẹ̀. "Kò ní pẹ́" ti ń bá a gbé pẹ́. Kò-ní-pẹ́ ló fi kọ́bọ́ọ̀dù wọn sílẹ̀ láìní ìlẹ̀kùn. Kò-ní-pẹ́ náà ló sọ ẹsẹ̀ kan àga ìránṣọ rẹ̀ di bíríkì. Gbogbo àdúgbò ló ń yin ọkọ rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Ilé onílé ni ọwọ́ náà ti ń mọ́.

Bí ọkọ rẹ̀ ṣe jáde lọ síbi iṣẹ́, Aránṣọ ti ìlẹ̀kùn, ó forí lé ilé Nọ́ọ̀sì, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé ní òpópónà kejì. Wọ́n ní ó ń ta àwọn kéèjì ehoro rẹ̀ torí pé orúnkún kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Aránṣọ rò pé ọjà lòun wá rà. Àṣé ìdánwò lòun wá ṣe.

"Ehoro mélòó lo ní?" ni Nọ́ọ̀sì bi í láti orí àga.

"Mẹ́fà, Màmá."

"Ṣé o ti ya akọ sọ́tọ̀ lára abo?"

"Inú balùwẹ̀ ni gbogbo wọn jọ wà, Màmá."

"Á jẹ́ pé wọ́n máa tó ju mẹ́fà lọ. Kí lọkọ rẹ ń ṣe?"

Aránṣọ wolẹ̀. "Káfíńtà ni."

Ìyá àgbà tẹjú mọ́ ọn. Ó tún awò ojú rẹ̀ tì sókè bí ẹni tó fẹ́ rí ojú egbò dáadáa. "Káfíńtà. Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà láyé, Màmá. Ara rẹ̀ sì le."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń di orúnkún mú. Owó pọ́ọ́kú ló ta kéèjì mẹ́ta fún un, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lọ láìgba ìkìlọ̀. "Má kọ́kọ́ da omi sí i o. Ìgbẹ́ gbígbẹ ni kó o kọ́kọ́ họ kúrò. Tí omi bá ṣáájú, ẹrẹ̀ ni wàá máa fọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fi iná jó irun tó lẹ̀ mọ́ wáyà. Lẹ́yìn náà, omi gbígbóná, ọṣẹ àti oògùn apakòkòrò. Kó o wá sá a. Oòrùn ló máa bá ọ lé òórùn lọ."

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló kó wọn délé. Ẹni tó wa kẹ̀kẹ́ náà faṣọ bo imú dé ibi tí wọ́n ń lọ, kò sì dúró gba ọpẹ́. Nítorí pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ni ilé wọn wà, iwájú ṣọ́ọ̀bù náà nìkan ló láyè. Ibẹ̀ ni Aránṣọ tò wọ́n sí. Kò pẹ́ tí Báàbà, tí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀ dojú kọ tiwọn, fi jáde tòun ti kílípà lọ́wọ́. Oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ààbọ̀ orí.

"Aránṣọ, kí lẹ rà?"

"Kéèjì ehoro ni."

"Lọ́wọ́ káfíńtà wo?"

Ìròyìn náà pàdé ọkọ rẹ̀ ní oríta. Ó dé tòun ti ayùn lábíyá, ojú rẹ̀ le koko.

"Ṣé o fẹ́ kí n kó kúrò ládùúgbò yìí ni? Ìyàwó káfíńtà ń ra kéèjì àlòkù! Ó dà bí ìgbà tí ìyàwó apẹja ń ra ẹja lọ́jà!"

"Ìyàwó apẹja tí ọkọ rẹ̀ ò bá dé etí odò, ṣé kò ní jẹ ẹja ni?"

Báàbà rẹ́rìn-ín lódìkejì títì débi pé oníbàárà bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́ gbé kílípà kúrò lórí òun ná.

"Ọwọ́ mi ò ní kàn án," ni Káfíńtà búra. "Láéláé."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Aránṣọ ró ìró àlòkù kan, ó dojú kọ iṣẹ́. Káfíńtà gbé bẹ́ǹṣì jáde, ó kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀yìn ló kọ síbẹ̀ o, ọrùn rẹ̀ kò bá ẹ̀yìn lọ.

"Wo igun yẹn. Kò gún."

Aránṣọ ń họ ìgbẹ́ lọ.

"Ẹni tó kan èyí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní gúlúù."

"Ẹ bá mi wo ìgbẹ́ náà," ni Aránṣọ wí. "Ṣé òun gún?"

Káfíńtà yíjú láti fèsì. Ìgbà náà ló rí ohun tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

"Kí lo fi ń họ ọ́?"

"Irin kan tí mo rí lórí tábìlì yín."

"Ṣísẹ́ẹ̀lì mi!" Ó fò dìde bí ẹni tí ìjàlọ bù jẹ. "Ṣísẹ́ẹ̀lì tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mí sí! Ìgbẹ́ ehoro lo fi ń họ?"

"Ó mú gan-an," ni Aránṣọ fi yìn ín.

Ó já a gbà, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó wo ẹnu rẹ̀ nínú oòrùn. "Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń dì í mú. O ò bá ti bà á jẹ́. Sún. Sún mọ́hùn-ún." Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ irin náà tọ ara pákó lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ìgbẹ́ sì ń ṣí bọ́ lódidi. Kó tó rántí pé òun ti búra, ó ti họ kéèjì kan tán.

Aránṣọ kò rán an létí. Ó lọ gbé omi kaná.

Wọ́n jó irun orí wáyà, díẹ̀ lára irùngbọ̀n Káfíńtà sì bá a lọ. "Èmi ló yẹ kẹ́ ẹ gbé irùngbọ̀n yẹn wá bá!" ni Báàbà kígbe. Aránṣọ ń da omi gbígbóná, ọkọ rẹ̀ ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Bí ìdọ̀tí ṣe ń ṣí ni ẹnu Káfíńtà ń padé. Igi tó dáa ló wà lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan pákó ìsàlẹ̀ relẹ̀ díẹ̀ kí ìtọ̀ lè máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí láìdún.

"Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́," ló wí lábẹ́ ohùn.

Aránṣọ gbọ́. Ó ṣe bíi pé òun kò gbọ́.

Lọ́sàn-án, tí kéèjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dán nínú oòrùn, mọ́tò kan dúró. Obìnrin tó ní oko ọ̀sìn kan lẹ́yìn ìlú ló sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà, ẹ̀yin lẹ kan ìwọ̀nyí? Ó pẹ́ tí mo ti ń wá irú wọn. Mo máa fẹ́ tó mẹ́wàá."

Kílípà Báàbà dákẹ́ wìì. Káfíńtà wo kéèjì, ó wo mọ́tò, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó di garawa mú. Ẹnu rẹ̀ là. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì ń dùn.

"Rárá, Mà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èmi kọ́ ni mo kàn wọ́n. Ìyàwó mi ló rà wọ́n." Ó nu ọwọ́ mọ́ra. "Èmi ni mo fọ̀ wọ́n."

"Ẹ fọ̀ wọ́n?"

"Mo fọ̀ wọ́n dáadáa, Mà."

Báàbà pàápàá kò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ gbé garawa kalẹ̀.

"Ó lè kàn án, Mà," ló wí. "Kódà, ó lè kan èyí tó dáa jù wọ́n lọ. Ẹni tó máa dúró tì í ló kàn ń fẹ́. Èmi á dúró tì í."

Obìnrin náà wo tọkọtaya yìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gba nọ́ńbà Aránṣọ, ó ní òun á padà wá wo èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ kàn.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, wọ́n kó àwọn ehoro wọlé wọn tuntun. Èyí tó tóbi jù nínú wọn fimú tọ gbogbo igun wò, lẹ́yìn náà ló na gbogbo ara rẹ̀ gbọọrọ, ó dijú.

Káfíńtà kúnlẹ̀ síwájú ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó yọ tépù jáde lápò.

"Ìyàwó mi, bá mi di orí rẹ̀ mú níbí."

Aránṣọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí iyanrìn tó ṣì tutù, ó di orí tépù mú. Káfíńtà fà á dé igun kejì, ó ka nọ́ńbà rẹ̀ sínú. Kò tíì ká a padà. Ó wo ehoro náà, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé àyè yìí tó wọn, lójú tìẹ?"

Kò bi í ní irú rẹ̀ rí. Aránṣọ kò kánjú. Ó wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ehoro náà, tó nà títí tó fi kan wáyà.

"Ẹ fi díẹ̀ kún un," ló wí.

Káfíńtà sún àtàǹpàkò rẹ̀ síwájú lórí tépù, ó sì fi pẹ́ńsù fa ìlà síbẹ̀.