Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Tẹ̀ Lé Oníbàárà

Kẹ̀kẹ́ ìrajà náà kọ̀, kò dúró. Ìyá Tíṣà fẹ́ tẹ bọ́tìnnì pupa tó ń dá a dúró lórí rìmóòtù, ó tún gbìyànjú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n kò bá a. Kẹ̀kẹ́ lọ forí sọ àwọn agolo mílíìkì tí wọ́n tò jọ, gbogbo rẹ̀ sì dà sílẹ̀ yàà.

Obìnrin tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà, tí gbogbo òṣìṣẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì yìí ń pè ní Ẹnjiníà, sáré wá. Fíríìjì ló ń bá wọn tún ṣe láti ọdún méje. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe kẹ̀kẹ́ yìí, kó lè máa fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ẹni tó bá mú rìmóòtù, kí ẹni tí kò lágbára má baà ti ẹrù. Òní ni oníbàárà kọ́kọ́ lò ó.

Ọ̀gá súpámákẹ́ẹ̀tì náà kò pariwo. Ó kàn ní kí Ẹnjiníà gbé e padà sẹ́yìn ilé, kí àwọn gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbé e kúrò. Ó ní láti ìgbà tí ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n, ọmọ òun ló ń bá òun rajà. Ọmọ náà ń gbìyànjú, àmọ́ ó ń wu òun kí òun fúnra òun yan ohun tí òun máa jẹ.

Ọwọ́ ìyá náà ni Ẹnjiníà ń wò. Ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ti fi ń dán ẹ̀rọ náà wò láti oṣù mẹ́jọ.

“Mà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúró, èwo ló rọ̀ yín lọ́rùn: kẹ́ ẹ tẹ nǹkan ni, àbí kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ kúrò?”

“Kí n gbọ́wọ́ kúrò. Ìyẹn ò ní í le fún mi rárá.”

Ẹnjiníà bẹ Ọ̀gá pé kó fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta láti tún un ṣe. Ọ̀gá fún un ní méjì.

Nígbà tí Ìyá Tíṣà padà dé, rìmóòtù ti di roboto, ó kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò sì ní bọ́tìnnì kankan. Bí ó bá ti gbọ́wọ́ lé e, kẹ̀kẹ́ á rìn. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, á dúró. Ìyá rìn yípo gbogbo ilé náà. Lẹ́ẹ̀mejì ni ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì ni kẹ̀kẹ́ dúró wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó, kò dìde.

Ọ̀gá súnmọ́ Ẹnjiníà. “Ogún ńkọ́? Ṣé o lè ṣe ogún irú rẹ̀?”

“Ẹ má bínú, sà. Ọwọ́ ẹnì kan ṣì ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹlòmíì.”

Ọ̀gá yọ ọwọ́ òsì rẹ̀ lápò, ọwọ́ tí ìka méjì ti ká kò nínú rẹ̀, ó nà án sí i.

“Ó yá, bẹ̀rẹ̀ látorí tèmi.”