Ẹ̀ṣẹ̀ Ọmọ Ajá

Láyé ìgbà tí Màmá Bámiṣayọ̀ ṣì ń lọ sóko, ajá kì í wọ pálọ̀. Ajá ń ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó ń jẹ ohun tó bá ṣẹ́kù nínú ìkòkò, bó bá sì fẹ́ tọ̀, gbogbo ìlú Kàbà pátá ni ilé ìtọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rín fi ń pa màmá àgbà yìí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Mofẹ́olúwa, ọmọ-ọmọ rẹ̀, lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà níwájú ilé wọn ní Galadimawa, ní Àbújá, tó ń bẹ ọmọ ajá bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó kẹ́rù jáde nílé ọkọ.

"Bísíkí, jọ̀ọ́, tọ̀. Tọ̀ nísinsìnyí. Please now."

Ọmọ ajá náà wò ó lójú, ó ju ìrù, ó sáré wọlé, ó sì lọ tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Mofẹ́olúwa. Bàbá rẹ̀, Bámiṣayọ̀, ló ṣèlérí ajá fún un bó bá gba ipò kìíní ní kíláàsì, torí ó dá a lójú pé kò ní gbà á. Ọmọ gbà á. Bámiṣayọ̀ yìí, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, èèyàn dáadáa sì ni, àmọ́ ìmọ́tótó rẹ̀ ti fẹ́ di àìsàn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì tuntun tó tẹ́ sí pálọ̀ lọ́dún 2016 yẹn, ẹ ó rò pé àbúrò rẹ̀ ni.

Màmá, ìyá rẹ̀, ò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ó ṣubú nílé lẹ́yìn tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, orúnkún kan kò sì jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ni ọmọ bá ní kó máa bọ̀ ní Àbújá, kó wá sinmi. Ìsinmi ọ̀hún pọ̀ jù. Kò sí oko, kò sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀, òun náà kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Bí ọmọ ajá ṣe dé, ńṣe ni inú rẹ̀ dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ́wọ́ fẹ́nì kankan.

Mofẹ́ ti wo gbogbo ẹ̀kọ́ náà lórí fóònù ìyá rẹ̀. Tí ajá bá jẹun tán, ẹ gbé e síta. Tó bá jí lójú oorun, ẹ gbé e síta. Tó bá ti ń gbóórùn ilẹ̀ kiri tó ń yí po, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá wá tọ̀ síbi tó yẹ, ẹ yìn ín, ẹ fún un lẹ́ran díẹ̀.

"A ò ní nà án?" ni Màmá bi í.

"Rárá o, Grandma! Tẹ́ ẹ bá nà án, ẹ̀rù á kàn máa bà á ni. Á wá máa tọ̀ sẹ́yìn àga, níbi tí a ò ti ní rí i."

Nígbà tí iléèwé wọlé, Màmá ló gba iṣẹ́ tíṣà ọ̀sán. Á rọra tẹ̀lé ọmọ ajá dé ìdí dóńgóyárò, á fọwọ́ ti igi, á sì máa kí i bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nílé lọ́hùn-ún: "Òkun o, ọmọ mi, òkun o." Bísíkí á gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, á wò ó lójú, á sì tọ̀. Ayọ̀ tó máa ń gba ọkàn màmá yẹn nígbà náà, ìtọ̀ ajá nìkan kọ́ ló fà á. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti nílò rẹ̀ fún nǹkan kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló ń tòògbé níwájú tẹlifíṣọ̀n tí ìtọ̀ fi jí i. Ó dìde, orúnkún kọ̀, ó jókòó padà. Ó tún dìde. Kó tó dé àárín pálọ̀, ó ti bọ́. Omi gbóná ṣàn lọ sí kókósẹ̀ rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì sì fà á mu. Ó dúró síbẹ̀, kò lè lọ síwájú, kò lè lọ sẹ́yìn, ó ń wo ibẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ṣe é. Ìgbà yẹn gan-an ni ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó yára wọ inú yàrá lọ pààrọ̀ ìró. Bísíkí ní tirẹ̀ wá gbóórùn ibi tó tutù náà, nítorí kò sí ohun tí kì í tojú bọ̀, ibẹ̀ sì ni Bámiṣayọ̀ bá a.

"Kai! Ajá yìí! Lórí kápẹ́ẹ̀tì mi!"

Màmá ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó fi ìró tó tutù náà kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sì jáde.

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Ó ní ojúgbà kan ní Kàbà, olóhùn iyọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹni tí kò gbojúbọ̀rọ̀. Nígbà tí ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Wọn ò bú u, wọn ò febi pa á. Wọ́n kàn máa ń di èémí mú kí wọ́n tó wọlé tọ̀ ọ́ ni. Màmá Bámiṣayọ̀ náà máa ń lọ kí i, òun náà kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Ikú ò bà á lẹ́rù tó yàrá ẹ̀yìn.

Ó tún ṣẹlẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bísíkí ló ń rù ú. Felicia, ìyàwó Bámiṣayọ̀, á gbé ìzáàlì àti àkísà, á nu ilẹ̀, kò ní wí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ó ra rọ́bà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan bọ̀ láti ọjà Wuye, ó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì Màmá.

"Nítorí ajá ni o, Màmá. Ó lè gun orí bẹ́ẹ̀dì yín."

"Àbí ẹ ò rí nǹkan," ni Màmá fèsì. "Ajá burúkú ni." Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó wo Bísíkí tó fi orí lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú sì tì í.

Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé Bísíkí ti mọ̀wé. Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n, á lọ sídìí ilẹ̀kùn, á fi èékánná họ ọ́, á bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó máa ṣí i. Mofẹ́ máa ń fò sókè tayọ̀tayọ̀. Síbẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì ò gbẹ. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, sùúrù Bámiṣayọ̀ tán.

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ló wí. "Nehemiah ń wá ajá tí á máa ṣọ́ adìẹ rẹ̀ ní Orozo. Mo ti bá a sọ̀rọ̀, Sátidé ló máa wá gbé e."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù," ni Felicia wí. "Ajá náà ṣì kéré."

"Mo ti ní sùúrù. Kápẹ́ẹ̀tì ni kò ní sùúrù mọ́."

Mofẹ́ ò ké. Ó wá jókòó ti ìyá àgbà létí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fa etí aṣọ rẹ̀. "Grandma, kì í ṣe ẹ̀bi Bísíkí. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́. Gbogbo nǹkan tí wọ́n sọ ni mo ṣe, I did everything."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nínú ilé yìí o, orí ọmọ méjì ló sì ń wọ́, ti èèyàn àti ti ajá. Màmá gbá ọmọ mọ́ra. Kí n má parọ́ fún yín, ohun tó tún wá sí i lọ́kàn kò dára: bí ajá bá lọ lọ́jọ́ Sátidé, ta ló máa ru ti ọjọ́ Àìkú?

Ọjọ́ Sátidé, Nehemiah dé pẹ̀lú páálí ńlá kan tó ti dá lu. Ìjọ kan náà lòun àti Bámiṣayọ̀ ń lọ, èèyàn fìrìgbọ̀n tí ohùn rẹ̀ tutù. Felicia gbé mọ́ltì fún un, ó gbé fún Màmá náà. Màmá mu ún tán láìmọ̀, nítorí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Bámiṣayọ̀ ń nàka sí ẹ̀gbẹ́ àga ìyá rẹ̀. "Wò ó, Brother Nehemiah. Ti àárọ̀ yìí nìyí, kò tíì gbẹ."

"Daddy, ọ̀dọ̀ mi ló wà láàárọ̀!" ni Mofẹ́ wí. "Ìta la wà, it was with me!"

"Ta ló wá tọ̀ síbẹ̀? Ṣé èmi ni, àbí mọ́mì ẹ?"

Ọmọ náà ronú títí. Kò wo ibi tí Màmá jókòó sí rárá, nítorí kò wá sí i lọ́kàn. Ó gbé Bísíkí fúnra rẹ̀, ó sì rọra fi í sínú páálí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Nehemiah.

"Uncle, tó bá ti jẹun tán, ẹ gbé e síta, sà. Tó bá jí, ẹ gbé e síta. Tó bá ṣèèṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ó ń gbìyànjú."

Ọkàn Màmá ò gbà á mọ́.

"Bámiṣayọ̀, gbé ajá yẹn jáde nínú páálí."

"Màmá, a ti sọ̀rọ̀ yìí tán."

"A ò tíì sọ ọ́. Èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo tọ̀ síbẹ̀." Ó nàka sí kápẹ́ẹ̀tì. "Ti àárọ̀ yìí, ti ọjọ́rú, àti èyí tó o pariwo lé lórí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ajá kọ́. Orúnkún mi ò gbọ́ tèmi mọ́, ìtọ̀ kì í sì í dúró dè é."

Nehemiah gbójú sókè, ó ń wo fáànù òkè àjà bí ẹni fẹ́ rà á. Felicia ló kọ́kọ́ mira. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Mo ti mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń rí ìró yín tó ń ro tótó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹnu mi ni ò gbà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fọ́mọ yín pé ìyá rẹ̀ ń tọ̀ sára? Á ní mo rí yín fín."

Màmá rántí rọ́bà orí bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó yìí mọ̀, òun náà mọ̀, ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń bù fúnra wọn sì pọ̀ débi pé ọmọ ajá tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni wọ́n jọ gbé ẹrù lé lórí.

Bámiṣayọ̀ dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó rìn wá, ó sì jókòó sílẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, lórí kápẹ́ẹ̀tì, níbi tó tutù yẹn gan-an, tòun ti ṣòkòtò funfun tó wọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ra kápẹ́ẹ̀tì yẹn, kò bìkítà nípa rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ rò pé màá lé yín ni?"

"Kí ni mo fẹ́ rò, ọmọ mi?" ni Màmá dáhùn. Kò bínú. "Ẹni tó o ní ó tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ nìyẹn nínú páálí, Orozo lo ń gbé e lọ."

Bámiṣayọ̀ gbé orí lé itan ìyá rẹ̀, ó sì sunkún, àgbàlagbà ọkùnrin, lójú àlejò. Màmá fọwọ́ pa á lórí. Mofẹ́ ti gbé Bísíkí jáde, ó gbá a mọ́ àyà, ó wá dúró tì wọ́n.

"Ó ti tó," ni Màmá wí. "Gbéra." Àmọ́ nǹkan kan ń fún òun fúnra rẹ̀ lábẹ́ inú, mọ́ltì tó mu láìmọ̀ ni. Ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé á dákẹ́, á máa dúró dìgbà tí gbogbo èèyàn bá wo ibòmíì, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá orúnkún rẹ̀ jà lóun nìkan. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo Nehemiah náà. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ gbé mi dìde," ló wí fún gbogbo wọn. "Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Ilé dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ rẹ̀ di apá kan mú, Felicia di ìkejì. Mofẹ́ sáré síwájú lọ ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀, Bísíkí ń wọ́ tẹ̀lé e, ó ń dí ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn. Nehemiah, tí ọ̀rọ̀ ò kàn, gbé páálí òfìfo rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì gbé tábìlì kékeré kan kúrò, ó ń sọ pé, "Ẹ rọra, Màmá, ẹ rọra, a ti fẹ́ dé." Màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó sì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ kíákíá láàárín wọn. Wọ́n débẹ̀ lásìkò.