Hítà Tí Ará Ìfọ́n Gbé Kọ́

"O mọ̀ pé mo wà ní balùwẹ̀ kó o tó ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná."

Àbọ̀kẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, aṣọ ìnura ní àyà. Omi gbígbóná ti bó èjìká rẹ̀. Toyibat, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Màámi. Ìrẹsì ni mo fẹ́ fọ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti wọlé."

"Irọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé."

Lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Nínú ilé wọn ní Ìlọ́bù, bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí ẹ̀rọ níbòmíràn, omi tó ń lọ sí balùwẹ̀ á dín kù, hítà kékeré tó wà níbẹ̀ á sì sọ ìwọ̀nba tó kù di omi híhó. Káyọ̀dé, ọkọ Toyibat, ní kí wọ́n tún ra irú hítà náà mìíràn. Toyibat pe Nehemiah, púlọ́mbà tó tún omi ṣe nílé ìwé tí òun ti ń ṣe tíṣà.

Nehemiah dé lọ́jọ́ kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó gun òkè lọ wo táńkì, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ má ra kékeré mọ́," ó ní. "Èyí tó ní táńkì nínú, tó ń tọ́jú omi gbígbóná pa mọ́, ni kẹ́ ẹ rà. Màá wá fa páìpù ńlá fún balùwẹ̀ nìkan láti òkè, kó má bá ilé ìdáná pín omi mọ́."

"Ọmọ ibo ni ẹ́?" Àbọ̀kẹ́ bi í.

"Ìfọ́n ni, mà."

Ojú ìyá le. "Oko tí ọkọ mi fi sílẹ̀ níbi ilẹ̀ tí Ìlọ́bù àti Ìfọ́n ń jà lé lórí, àwọn èèyàn ẹ ló ń dá a lónìí. Jáde nílé mi."

Nehemiah bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ rẹ̀. Toyibat dí i lọ́nà.

"Màámi, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Tí omi yẹn bá tún bó yín, èmi ni kẹ́ ẹ lé jáde."

"Mo ti gbọ́ ọ," ni Àbọ̀kẹ́ wí.

Ọjọ́ kẹta ni hítà tuntun gun ògiri. Àbọ̀kẹ́ kọ̀, ó ní òun kò ní í kọ́kọ́ wẹ̀.

"Ìwọ wọlé."

Toyibat bọ́ sábẹ́ omi. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá tó ń lọ sí ilé ìdáná, ó sì gbọ́ tí ẹ̀rọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà yàà. Ó di ojú, ó ń retí kí ẹ̀yìn òun jó. Omi kò yí padà. Ìyá kò pa ẹ̀rọ. Toyibat náà kò kúrò.

Nígbà tí Toyibat fi máa ró ìró jáde, ìyá ń bá Nehemiah sọ̀rọ̀ láì wo ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbà lọ. Mi ò fẹ́ kí àdúgbò rí ẹ."

"Ó dáa, mà."

Omi ṣì ń kán lára Toyibat. Ó rìn kọjá lára ìyá ọkọ rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú gbagada, ó sì sin Nehemiah títí dé títì.