Ibi Tí Ọwọ́ Adégbìtẹ́ Wà

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Adégbìtẹ́ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré, ṣùgbọ́n ó ń gba etí kan wọlé, ó ń gba èkejì jáde. Láti ìgbà tó ti gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ti ń dá ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Challenge, kò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe. Àga àtijọ́ ló ń tún ṣe, àwọn àga ọ̀gánwó tí òyìnbó fi sílẹ̀ ní Jericho, àti èyí tí àwọn ọ̀gá ìjọba gbé lọ sí Bódìjà tí ikán sì jẹ lẹ́sẹ̀. Bó bá tún un ṣe tán, ẹni tó ni ín á yí i ká, á wò ó síwá sẹ́yìn, kò ní rí ibi tó ti fọ́. Ohun tí Adégbìtẹ́ fi ń yangàn nìyẹn. Ó máa ń sọ pé iṣẹ́ àtúnṣe tí ojú bá rí, iṣẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni.

Nígbà tí Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ kú, àwọn ará ìjọ Aládùúrà wá, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lu agogo, wọ́n lọ. Títílọpẹ́, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wá láti Kàdúná, ó sunkún, òun náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé wá dákẹ́ débi pé Adégbìtẹ́ a máa tan rédíò sílẹ̀ láti àárọ̀, kì í ṣe nítorí ìròyìn, kí ohùn èèyàn ṣáà wà nínú ilé ni.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá Gàfárù kú. Gàfárù yìí ni òun àti Adégbìtẹ́ jọ ń pín ògiri ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Ńṣe ni àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Olùtúnṣe Àga Àtijọ́ ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, tí wọ́n wá jókòó ti Gàfárù, tí wọ́n ń bá a jiyàn bọ́ọ̀lù kó má baà máa ronú. Adégbìtẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ìlara mú un, ẹ má sì dá a lẹ́bi. Ebi èèyàn ló ń pa á.

Nígbà tí ọ̀fọ̀ tán, ó lọ bá Gàfárù. “Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yín.”

“Bàbá Títí! Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀lẹ ló ń ṣẹgbẹ́?” Gàfárù rẹ́rìn-ín dáadáa kó tó dá a lóhùn. “Ó dáa. Ẹ ó gbé iṣẹ́ kan wá. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ júwe. Alága á bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, ‘Ta ló mọ ọwọ́ yìí?’ Tí ẹnì kan nínú wa bá fọwọ́ lé ibi tí ẹ tún ṣe, tó ní òun mọ̀ ọ́n, ẹ ti di tiwa. Ẹlẹ́tàn ṣáà lè ra àga tí ẹlòmíràn tún ṣe, kó ní òun lòun tún un ṣe. Tí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, ó di ọdún tó ń bọ̀.”

Ẹni tó gbọ́n ì bá gbé àga tí ojú àtúnṣe rẹ̀ hàn gbangba lọ. Ìgbéraga kò jẹ́. Èyí tó dára jù lọ ni Adégbìtẹ́ gbé, àga ọ̀gánwó kan tí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tán, tí òun gbẹ́ òmíràn sí i, tó pa á ní pólíìṣì títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi bá ti àwọn yòókù mu.

Ní Sátidé ìmọ́tótó, nígbà tí ọkọ̀ ti ń rìn, ó fi takisí gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sàláwù, alága ẹgbẹ́, ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n gbé e sáàárín, wọ́n sì yí i po. Sẹ̀gilọlá, obìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn, tó máa ń rán aṣọ tìmùtìmù, dojú àga náà dé, ó wo ìdí rẹ̀.

“Àga yìí ò fọ́ rí o,” ló wí.

“Ta ló mọ ọwọ́ yìí?” Sàláwù bèèrè. Kò sẹ́ni tó fọhùn.

Ó tún bèèrè. Orúkọ kan ṣoṣo ló sọ sí Adégbìtẹ́ lọ́kàn. Àmọ̀kẹ́ ni ì bá dáhùn. Gbogbo àga tó bá ti tún ṣe tán, Àmọ̀kẹ́ a dìde nídìí ààrò, a fi àtàǹpàkò tó ń rùn fún àlùbọ́sà wọ́ ara igi náà lọ díẹ̀díẹ̀, a sì dúró. “Ibí ni, Bàbá Títí.” Kò tàsé rí. Inú a máa bí Adégbìtẹ́ nígbà náà, a sì tún máa rẹ́rìn-ín. Ìbínú ọ̀hún gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ báyìí.

“Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé o. Ta ló mọ ọwọ́ yìí?”

“Èmi mọ̀ ọ́n!” Gàfárù ti bọ́ síwájú, ó fọwọ́ lé apá ọ̀tún àga náà. “Ibí ni! Ẹ wo bó ṣe tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ. Ta ló tún lè ṣe é bẹ́ẹ̀? Ọwọ́ Bàbá Títí nìyí, mo lè búra.”

Kò purọ́ o. Ó dá a lójú, ayọ̀ sì kún ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ kan àga náà ló ṣe apá ọ̀hún. Adégbìtẹ́ kò fọwọ́ kàn án ju kó nu eruku ara rẹ̀ lọ.

“Bàbá Títí, ẹ lè fọhùn báyìí,” Sàláwù wí. “Ṣé ibẹ̀ ni?”

Gbogbo wọn ń wò ó. Bó bá ní rárá, àgbépadà ni àga náà, àdánìkanjókòó sì ni tirẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

“Ibẹ̀ náà ni,” ló wí.

Ariwo sọ. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n gbá a lẹ́yìn, wọ́n fi í jókòó sórí àga náà, wọ́n sì fún un ní mólítì tútù. Ẹnìkan ti ń fi í ṣe onídàájọ́ nínú iyàn bọ́ọ̀lù. Inú rẹ̀ dùn, irọ́ kọ́. Ọjọ́ tí ikú bá tún kanlẹ̀kùn ilé rẹ̀, àwọn wọ̀nyí á wá.

Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa apá àga náà. “Bàbá Títí, ọwọ́ yín mà dáa o.”

Adégbìtẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ káfíńtà àtijọ́ kan tó ti kú, tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́ gbé e dúró ṣinṣin, kò mì. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń wá, kò sì sẹ́ni tí yóò tún wá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà gan-an mọ́.