Gàrí Ilé Ọkọ Raliat

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, Raliat, ọmọ Sànúsí aláró ní Òṣogbo, ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí oúnjẹ kan nínú ìlú náà. Kẹ́mísìrì ló kọ́ ní yunifásítì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tó wà nínú àwọn irè oko tí à ń jẹ, èyí tó ń ṣe ara lóore àti èyí tó ń bà á jẹ́. Ẹ̀gẹ́ ló gbájú mọ́ jù. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, àfi tí wọ́n bá rin ín, tí wọ́n sì jẹ́ kó kan dáadáa kí wọ́n tó dín in.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Adédìran ọkọ rẹ̀, láti abúlé kan lẹ́yìn Ìbòkun. Gàrí ni Rẹ̀mílẹ́kún ìyá rẹ̀ ń dín tà níbẹ̀, òun náà ló sì fi rán an níwèé títí ó fi di tíṣà.

Ní àsìkò tí wọ́n ń ká kòkó, tọkọtaya náà lọ kí ìyá. Ara ògiri ló ń dì mú rìn jáde wá pàdé wọn.

"Àtẹ́lẹsẹ̀ ń jó mi bí ẹni tó tẹ iná," ló wí. "Ojú mi náà ń ṣú."

"Ọjọ́ orí ni, Màámi," ni Adédìran fèsì.

Ṣùgbọ́n Raliat rí i pé àwọn obìnrin mìíràn níbi ìdíngàrí náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, àwọn kan nínú wọn ò sì tíì darúgbó. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọkọ̀ àwọn oníbàárà Iléṣà ti ń wá lemọ́lemọ́, àwọn kì í jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan mọ́; bí àwọn bá ti rin ín tí àwọn sì fún un, iná ló kàn. Èyí tí wọn ò tà, òun ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹja, tí í ran ara lọ́wọ́ láti borí oró náà, ò sì tó nǹkan nínú ọbẹ̀.

Raliat gba díẹ̀ nínú gàrí náà padà sí Òṣogbo. Ó pò ó mọ́ omi nínú ìgò, ó so pépà aláwọ̀ ìyeyè tí oró ẹ̀gẹ́ máa ń sọ di pupa kọ́ sí ẹnu rẹ̀, ó sì dé e. Nígbà tó ṣí i, pépà náà ti pupa bí ilẹ̀ yangí. Ó tún un ṣe, bákan náà ló rí. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé májèlé ni màámi fi tọ́ mi?" ni Adédìran bi í.

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi tọ́ yín kan dáadáa. Ti ìsinsìnyí ni kì í kan."

"Má lọ sọ ọ́ níbẹ̀ o."

Ó lọ, òun nìkan. Ó ṣàlàyé fún àwọn obìnrin náà pé oró inú gàrí tí kò kan ló ń ba ẹsẹ̀ àti ojú wọn jẹ́. Cecilia, ọ̀rẹ́ ìyá, dìde fùú.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí ọjà wa kú ni?"

Ọjà náà sì kú lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn oníbàárà, ọkọ̀ ò wá mọ́, gàrí bu nínú àpò. Àwọn obìnrin náà yọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún láwo. Òun náà ránṣẹ́ pé kí ìyàwó òun má ṣe tẹ abúlé náà mọ́. Adédìran wá di ẹni tó ń kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan, kí ọkọ̀ sì tó padà dé. Ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ Raliat. Nígbà náà, ìyá ò lè dá rìn mọ́, Adédìran sì gbé e wá sí Òṣogbo.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Raliat ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ ẹsẹ̀ ìyá.

"Ìyàwó, ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan yìí. Ṣé ojú mi á tún ríran?"

Irọ́ wá sí Raliat lẹ́nu, ó gbé e mì.

"Rárá, Màámi. Ó lè má burú jù báyìí lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ, ó ti lọ."

Ìyá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kúrò nínú omi.

"Gbé mi dìde," ló wí.

Ó gbára lé èjìká Raliat, wọ́n sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ ni Adédìran ti bá wọn. Ìyá ò sọ fún un pé ojú òun ò ní ríran mọ́, Raliat náà ò sì sọ.