Ọjọ́ Tí Ìtọ́jú Parí

"Ìlà kan ṣoṣo ló kù, Mọ́mì," Irewọlé wí. Ó fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ìwé náà. "Ẹ kọ ọjọ́ tí ìtọ́jú parí síbí."

Bọ́sẹ̀ gbé bírò sókè, kò kọ nǹkan kan.

"Ìtọ́jú wo ló parí?"

Irewọlé wo Moṣọpẹ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bọ́sẹ̀. Irewọlé ló ń bójú tó owó ìrànwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní Barking. "Ẹ wò ó, mà. Ọmọ tí káńsù, ìjọba ìbílẹ̀, bá gbé fún alágbàtọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń san owó ẹ̀kọ́ fún un. Ó tọ́ sí Moṣọpẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ní kó kọ orúkọ ìyá, orúkọ yín ló kọ. Kọ̀ǹpútà wá ní ọmọ tó ní ìyá nílé ni. Bí létà yìí tó fi hàn pé alágbàtọ́ lẹ jẹ́ ò bá wọlé lónìí, àyè ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn ti lọ."

"Wọ́n bèèrè orúkọ ìyá mi," Moṣọpẹ́ wí láìgbójú sókè. "Mo kọ orúkọ ìyá mi."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Moṣọpẹ́ nígbà tí káńsù mú un wá sílé Bọ́sẹ̀ ní Goresbrook, tòun ti àpò ọ̀rá kan. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sọ̀rọ̀ ju "Àǹtí" lọ. Orin ni Bọ́sẹ̀ fi ń bá a gbélé, orin àtinúdá:

"Ta ló wọlé wá? Moṣọpẹ́ ni.
Ta la ó jọ jẹun? Moṣọpẹ́ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Bọ́sẹ̀ ń fọ abọ́, ohùn tín-ín-rín kan gbè é lẹ́yìn rẹ̀: "Moṣọpẹ́ ni." Bọ́sẹ̀ fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ gbé e, ó jó yí ilé ìdáná ká. Láti ìgbà náà ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn ti ń pe òun tí kò bímọ rí ní Ìyá Moṣọpẹ́.

"Ọjọ́ tí Moṣọpẹ́ pé ọdún méjìdínlógún ni káńsù kà sí ìparí," Irewọlé wí pẹ̀lẹ́.

Bọ́sẹ̀ rántí ọjọ́ náà. Ó jó níbi àríyá ọjọ́ ìbí náà títí bàtà fi já lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan kan ń parí.

"Mọ́mì, ẹ má kọ ọ́," Moṣọpẹ́ wí. " Màá wá iṣẹ́ ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Ṣé kó o wá máa bá mi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni?"

"Mi ò kọ̀."

"Èmi kọ̀."

Ìwé tí Bọ́sẹ̀ kà kò tó nǹkan. Ó rọra kọ ọjọ́ náà. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sókè ìwé náà pé alágbàtọ́ lòun, kì í ṣe ìyá. Ó fọwọ́ sí i.

"Ẹ ṣé, Mọ́mì," Irewọlé wí. "Àyè náà ti di tiẹ̀."

Nínú bọ́ọ̀sì, Moṣọpẹ́ kọjú sí fèrèsé. Wọ́n kọjá Castle Green kó tó lanu.

"Ṣé kí n máa wá ilé?"

Bọ́sẹ̀ ní, "Ìrẹsì lo máa jẹ àbí ẹ̀bà?"

"Èyí tó bá wà, Àǹtí."

Moṣọpẹ́ sún mọ́ fèrèsé sí i, bí èèyàn ṣe ń sún fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Bọ́sẹ̀ gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"N ó se méjèèjì," ó wí.